Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ló Jẹ́ Ìju

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin inú wa máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ara wọn ni, tí àwọn ọkùnrin inú wa sì máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni, àti ti inú rírun tó ń mú ọmọ ènìyàn ká jọ sórí ilẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó bá mú ẹjọ́ yìí jáde nínú ọgbà. Bó bá lọ sí kílíníìkì, wọ́n á ní, "Bó o bá lọ́kọ tó o bímọ, yóò lọ." Bó bá lọ bá ìyá alágbo lẹ́nu géètì, ìyẹn á ní, "Ìju ni." Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì jọ ara wọn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀kan ní kò sí nǹkan kan, èkejì ti fún nǹkan náà lórúkọ, kò sì sí èyí tó yẹ ọmọ náà wò tàbí tó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tó mọ́yán lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń jẹ́ "ó pọ̀ jù", torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tan ara wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àti àǹtí rẹ̀ ń da ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù kò ní mọ̀ pé tòun pọ̀. Ohun tó bá nílé ló máa rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, àwọn dókítà máa ń sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ oṣù kan bá ti ju mìlílítà 80 lọ, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ta ló fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ife? Lóde òní, ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ẹ̀jẹ̀ náà ń dí obìnrin lọ́wọ́ ìgbé ayé rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò fara sin: kí páàdì kan máa kún láàárín wákàtí kan sí méjì, kó di dandan láti wọ méjì pọ̀, kó máa jí lóru láti pààrọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń jáde tóbi ju owó ẹyọ lọ, kí nǹkan oṣù kọjá ọjọ́ 7. Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò dúdú lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, tó ń jókòó sẹ́yìn kó lè tètè sá jáde, tó sì ti pàdánù ìdánwò kan nítorí rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ife ìwọ̀n kankan.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ara. Iron tó wà nínú rẹ̀ ń bá a lọ lóṣooṣù, oúnjẹ bùkátéríà wa kò sì lè dá a padà. Bó bá pẹ́, àyà á máa lù kìkì bó bá gun àtẹ̀gùn alájà méjì, orí á máa fọ́ ọ, oorun á máa kùn ún nínú kíláàsì, á sì máa wù ú láti jẹ yìnyín tàbí ìrẹsì tí wọn kò sè. Àwọn kan á ní ó lẹ. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á sì mú un lọ sórí òkè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí hemoglobin obìnrin tí kò lóyún bá ti wà lábẹ́ gíráàmù 12 nínú désílítà kan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Lórí ìwé PCV tí wọ́n máa ń fún wa, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 36. Àyẹ̀wò PCV kò gbà ju ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A kò rí ìdí tí kílíníìkì ilé-ẹ̀kọ́ kankan fi gbọ́dọ̀ dá ọmọbìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ òun pọ̀ padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì láìṣe é.

Kí wá ló ń fà á? Ní 2011, FIGO, ìyẹn àjọ àgbáyé àwọn dókítà tó ń tọ́jú obìnrin àti aboyún, fọwọ́ sí ètò kan tó kó àwọn ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ségesège jọ sábẹ́ lẹ́tà 9, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń há sórí bí orin: PALM-COEIN. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí ojú lè rí, yálà lórí àwòrán tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré. Èyí àkọ́kọ́ ni ẹran kékeré tó yọ lára awọ inú ilé ọmọ. Adenomyosis tẹ̀ lé e, níbi tí irú awọ inú yẹn ti rì wọnú iṣan ilé ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìju. Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ àti awọ tó nípọn jù, tó lè di jẹjẹrẹ lọ́la. Márùn-ún tó kù kò hàn lórí àwòrán kankan: ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì dáadáa, ẹyin tí kì í jáde déédéé, àìṣiṣẹ́ awọ inú fúnra rẹ̀, oògùn tàbí ohun tí wọ́n fi sínú ara, àti àwọn tí wọn kò tíì rí àyè fún. Ẹ wò ó dáadáa: ìju jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú 9.

Ní ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wa, òun kọ́ ló sì yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹyin kò tíì máa jáde lásìkò. Awọ inú ilé ọmọ á nípọn, nípọn, títí yóò fi ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àrùn PCOS náà máa ń fa irú èyí, pàápàá bí oṣù bá ń fo, tí irun sì ń yọ lágbọ̀n. Ohun tí àwọn ènìyàn kò sábà rántí ni àrùn ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní von Willebrand, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìbéèrè mẹ́ta tó mọ́yán lórí tí a wí lẹ́ẹ̀kan, ibí yìí ni wọ́n wà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ báyìí láti oṣù àkọ́kọ́ tó o rí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń dá nímú rẹ tàbí lérìgì rẹ láìnídìí, àbí kò tètè dá nígbà tí wọ́n yọ eyín rẹ? Ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tó rí bẹ́ẹ̀? Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ó sọ, kí ẹ má bínú sí wa. Bí dókítà bá kọ́kọ́ ní kó o ṣe àyẹ̀wò oyún, kò bú ọ. Oyún tó fẹ́ bàjẹ́, tàbí èyí tó dúró síta ilé ọmọ, lè fi ẹ̀jẹ̀ àti inú rírun hàn, èkejì yẹn sì lè gba ẹ̀mí láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni gbogbo ló yẹ kí wọ́n ṣe é fún, títí kan akọrin ìjọ. Ohun tí a lè bá dókítà jà lé lórí ni bó bá béèrè é níwájú èrò ní ohùn rara.

Ó dáa, ìju fúnra rẹ̀ ńkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fibroid? Kókó tó ń hù láti inú iṣan ilé ọmọ ni. Ó wọ́pọ̀ kọjá àlà. Ìwádìí kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ àwòrán ṣe fún àwọn obìnrin ní Washington lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, fojú bù ú pé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lé ní 80 nínú 100 ni yóò ti ní in kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 50. Ti àwọn aláwọ̀ funfun súnmọ́ 70. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá pé ohun kan wà nínú àwọn. Ìju dà bí ayálégbé: ibi tó ń gbé ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ju bó ṣe sanra tó lọ. Èyí tó wọ inú ihò ilé ọmọ lè kéré bí ẹ̀pà kó sì máa da ẹ̀jẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, kó sì máa dí oyún lọ́wọ́. Èyí tó yọ síta lè tóbi bí àgbọn, kó má ṣe ju pé obìnrin ń tọ̀ léraléra tàbí pé ikùn rẹ̀ ga. Èyí tó wà láàárín iṣan, ó wà láàárín náà ni. Kó jẹ́ jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Kò sì ń ràn.

Kì í sì í ṣe èrè ẹ̀ṣẹ̀. A ti gbọ́ ọ pé oyún ṣíṣẹ́ ló ń fà á, pé ọkùnrin púpọ̀ ló ń fà á, pé ìwé kíkà tí kì í jẹ́ kí obìnrin tètè bímọ ló ń fà á. Lóòótọ́ ni ìwádìí fi hàn pé ó wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára ẹni tí kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí kí wọ́n máa fi halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin tó ń ṣe másítà, ọ̀nà jìn. Lupita Nyong'o, òṣèré tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2014, sọ ní gbangba ní 2025 pé ọdún tí òun gba ẹ̀bùn yẹn gan-an ni òun mọ̀ pé òun ní ìju. Gbogbo ayé ń wo aṣọ tó wọ̀. Ta ló mọ ohun tó ń bá a jà nínú?

Ibi tó ń bí wa nínú jù ni ọ̀rọ̀ scan. Ilé tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ti pọ̀ yí ọgbà wa ká, ẹnikẹ́ni sì lè wọlé, kó sanwó, kó gba ìwé. Ọmọ ọdún 20 kan á gba ìwé tí wọ́n kọ "fibroid, sẹ̀ǹtímítà 2" sí, á bú sẹ́kún, á pe ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, ìyá á pe wòlíì. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìju sẹ̀ǹtímítà 2 tó wà níta ilé ọmọ lè má fa ohunkóhun títí ayé, pé ohun tó ń da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Ẹni tó ya àwòrán kò bi í nípa páàdì, kò bi í nípa oṣù tó ń fo. Àwòrán wúlò gan-an. Òun ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe bó bá fura sí ilé ọmọ. Àmọ́ kí dókítà bèèrè ọ̀rọ̀ kí àwòrán tó dé, kó sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí ìwé bá jáde.

Ẹ̀rù tí kò yẹ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan kò lọ nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n á ki nǹkan bọ ojú ara. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ya á. Èyí tó ń gba ojú ara máa ń fi inú ilé ọmọ hàn kedere jù, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é fún ẹni tí kò tíì mọ ọkùnrin, ẹnikẹ́ni sì lè kọ̀ ọ́. Èyí tó ń gba orí ikùn wà: mu omi títí àpòòtọ̀ á fi kún, kí o dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi òróró tútù pa ọ́ nínú. Ìyà tó wà níbẹ̀ kò ju kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́ lọ.

Inú rírun tún ní ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí àwòrán lè mọ́ tónítóní kí ènìyàn máa kú lọ. Ilé ọmọ máa ń fún ara rẹ̀ bí aṣọ tí a fẹ́ sá, nítorí kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Ìdí nìyí tí ibuprofen tàbí mefenamic acid fi sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju parasitamọ́ọ̀ lọ: wọ́n ń dí ṣíṣe kẹ́míkà yẹn lọ́wọ́. Wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ jù bí ènìyàn bá tètè lò wọ́n, kí ìrora tó gba gbogbo ara, pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, tàbí tí ìbúpúròfẹ́nì máa ń ta ikọ́ fée rẹ̀ jí, kó má dán an wò láìbéèrè. Bó bá lò ó bó ṣe yẹ fún bí oṣù mẹ́ta tí kò sí ìyàtọ̀, tàbí tí ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ẹ̀jẹ̀, tó ń dùn ún bó bá ń yàgbẹ́, tàbí tó ń le sí i lọ́dọọdún, kí wọ́n ronú kan endometriosis. Níbẹ̀, ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló hù síta rẹ̀, lára ilé ẹyin tàbí ìfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nínú obìnrin 10 tó wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí, bí ẹnì kan ní in. Tẹ́lẹ̀, wọ́n gbà pé àfi kí wọ́n ti ìdodo ki kámẹ́rà wọlé kí wọ́n tó lè sọ pé òun ni. Ìlànà tí ẹgbẹ́ ESHRE ti Yúróòpù gbé jáde ní 2022 kò wò ó bẹ́ẹ̀ mọ́: dókítà lè gbọ́ ìtàn, kó yẹ ara wò, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìròyìn ayọ̀ gidi nìyí fún ibi tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ìtàn tí obìnrin bá sọ ti di ẹ̀rí, dókítà tó bá sì ń gé e lẹ́nu ń ju ẹ̀rí nù.

Ìtọ́jú pọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń sọ fún wa lọ. Tranexamic acid wà, tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nìkan, tó sì lè dín in kù súnmọ́ ìdajì, bí kò bá sí ìtàn ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan. Oògùn iron wà. Oògùn hòmóònù náà wà, irú èyí tí wọ́n fi ń fètò sọ́mọ bíbí, ibẹ̀ sì ni ogun máa ń wà. Ìyá á rí káàdì oògùn náà nínú báàgì ọmọ, ó di, "Ìwọ náà ti ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin?" Oògùn yìí kan náà ni dókítà ń fún ọmọ ọdún 15 tí kò mọ ohunkóhun, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀. Kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Bí ènìyàn bá dá a dúró, ara á padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń kà á lórí fóònù ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè kí ẹ tó lu ilù.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ló ń sá, torí wọ́n rò pé yíyọ ilé ọmọ ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní London, Victor Bonney, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ ilé ọmọ ìyàwó rẹ̀ nítorí ìju, àwọn méjèèjì kò sì bímọ. Bonney lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí wọ́n ṣe lè yọ ìju kí wọ́n sì fi ilé ọmọ sílẹ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1946. Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa. Ó ní àléébù: ìju mìíràn lè hù padà, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà púpọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èyí ló fà á tí wọ́n fi máa ń ní kí àwọn ará ilé wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tó ti bímọ tán, tó sì ti rẹ̀, yíyọ gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ìsinmi gidi. Fún ẹni tí kò ní ìnira kankan, wíwò ó láti ìgbà dé ìgbà tó. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ìju sábà máa ń sún kì. Èwo nínú wọn ni? Obìnrin náà ló yẹ kó yàn, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti to gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀.

A kò fẹ́ bú alágbo. Àwọn ìyá àti ìyá-àgbà wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ sára ìgò pé òun á yọ́ ìju láàárín ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe mọ̀ pé ìju wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe mọ̀ pé ó ti lọ. Ìju kan máa ń kéré fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, òmíràn lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá. Ìgò tó bá wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn ló ń gba ọpẹ́. Ní tiwa tó wà nínú ọgbà, tí ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ ní ìju, ewu ibẹ̀ ni oṣù mẹ́fà tí a fi ń mu ìgò nígbà tí PCV ń lọ sílẹ̀ láti 30 sí 22.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí kílíníìkì ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ iye páàdì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ bí ara ṣe gbóná tó. Kí wọ́n ṣe PCV àti àyẹ̀wò oyún. Kí wọ́n kọ lẹ́tà tó máa gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà àwọn obìnrin bó bá kọjá agbára wọn, kí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí owó TISHIP tí ọ̀pọ̀ wa ń san mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣe nínú rẹ̀, torí ibà nìkan ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ó wà fún. Kí àwọn olùkọ́ gba ìwé dókítà lórí èyí bí wọ́n ṣe ń gbà á lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti di dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ wá fún wa ní Sátidé kan lóṣù. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ẹnì kan ní kíláàsì, ẹ bọ́ súwẹ́tà yín kí ẹ sì dákẹ́. Bí ilé ìwòsàn bá sì ń wá ẹ̀jẹ̀, apá yín wà níbẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ṣí ojú ewé kan lórí fóònù rẹ. Kọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó dá, iye páàdì lójoojúmọ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ìrora láti 0 dé 10, oògùn tó o lò, àti kíláàsì tó o pàdánù. Ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Bó o bá délé ìwòsàn, gbé e síwájú dókítà kó tó ráyè sọ ọ̀rọ̀ ọkọ.